Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé, ṣùgbọ́n n kò dàgbà nínú ẹ̀mí. Ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọṢọ̀ún_Mararaba

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará àti ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, torí wọ́n ka èmi gan-an mọ́ àwọn tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn níbẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, ọdún kẹta rèé tí mo dé Àbújá. Mararaba ni mò ń gbé, Central Area ni ọ́fíìsì mi wà. Kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, mo ti wà lójú títì, torí bí ilẹ̀ bá mọ́ bá èèyàn ní Nyanya, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo máa ń wọlé. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mo wà nínú ẹgbẹ́ aládùúrà, èmi náà ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Àìsùn ọjọ́ Ẹtì kì í kọjá mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi ṣe àṣìṣe nínú lẹ́tà kan. Mo bú u lójú gbogbo èèyàn. Mo bú u débi pé mo kan ìyá tó bí i. Ẹlẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Hausa, Mùsùlùmí, tí a jọ máa ń jẹun ọ̀sán, dúró títí mo fi parí. Ó wá rọra sọ fún mi pé, "Haba, ọ̀rẹ́ mi. Ṣé ìwọ kọ́ lò ń ka Bíbélì lórí tábìlì láràárọ̀?" Kì í ṣe pé ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yà á lẹ́nu ni.

N kò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti fi ayé mi fún Jésù. Ahọ́n tí mo fi ń bú èèyàn ní yunifásítì náà ni mo ṣì ń lò. Kí ni ẹ̀yin ń ṣe tí ẹ fi ń dàgbà? Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn tù mí nínú o, ẹ sọ ohun tí ẹ fi ara yín ṣe.

ÌyáÌbejì_Kubwa

Ọmọ mi, o kú ìrònú. Ohun tó ń gún ọ lọ́kàn yẹn, má bá a jà. Òkú kì í mọ̀ pé abẹ́rẹ́ gún òun. Alààyè ni ọ́.

Ohun tí mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ lè má dùn létí rẹ: iṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta yẹn ti pọ̀ jù. Mo ti wà níbẹ̀ rí. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé èmi ni mò ń kó kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa dání. Mo mọ iye àga tó wà níbẹ̀, mo mọ èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ṣùgbọ́n bí o bá bi mí pé ìgbà wo ni mo ka odindi ìwé kan nínú Bíbélì gbẹ̀yìn, n kò lè dáhùn. Ẹsẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá kà lórí pẹpẹ ni mò ń jẹ, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò tí kò jókòó jẹun rí.

Ohun tó gbà mí nìyí. Mo mú Ìyìn Rere Máàkù. Orí 16 péré ni. N kò sọ pé kí o ka orí kan lójúmọ́, ìlàjì ti tó. Kà á sókè kí etí rẹ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà mú ìwé ìkọ̀wé kan, kì í ṣe fóònù, kí o kọ ìlà mẹ́ta: kí ni ó sọ, ibo ló ti bá mi wí, kí ni mo máa ṣe lónìí nítorí rẹ̀. Ìlà kẹta yẹn ni èèyàn máa ń fẹ́ fò. Má fò ó. Bí o bá kọ "màá túbọ̀ nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn", o kò tíì kọ nǹkan kan. Kọ orúkọ ẹni náà, kọ ohun tí o máa ṣe fún un.

Fóònù, pálọ̀ ni kí o fi sí. Èmi ń lo Bíbélì Atọ́ka tí ìyá mi fi sílẹ̀, tí ìlà pẹ́ńsùlù rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, mo ní tọ́ọ̀ṣì. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá jáde, lẹ́yìn tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ Òṣòògùn ni Àjàyí, ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú. Nígbà tí mo bá ń kà nípa ìgbèkùn àti ìdáǹdè nínú ìwé yẹn, mo máa ń rántí pé ẹni tí okùn ti kan ọrùn rẹ̀ rí ló wá ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn fún wa.

Arìnrìnàjò_Nyanya

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Kí n fi ti ojú ọ̀nà kún un. Àwa tí à ń gba ọ̀nà Keffi wọ Àbújá, wákàtí tí à ń lò nínú ọkọ̀ lójúmọ́ pọ̀ ju èyí tí à ń lò pẹ̀lú ìyàwó wa lọ. Mo máa ń bínú sí i tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, Bíbélì Yorùbá tí wọ́n ń kà sókè ni mò ń gbọ́ lórí fóònù. Bí a bá ti kúrò ní ibùdókọ̀, mo ti ki gbohùngbohùn bọ etí. Mo ti gbọ́ ìwé Òwe lágbọ̀ọ́tán ju ìgbà mẹ́ta lọ báyẹn. Orí 31 ló ní, tó fi jẹ́ pé orí ti ọjọ́ oṣù ni mo máa ń gbọ́: bí a bá wà ní ọjọ́ kejìlá, orí kejìlá.

Ṣùgbọ́n mo gbà pẹ̀lú Ìyá Ìbejì pé gbígbọ́ nínú ọkọ̀ kò lè dípò jíjókòó. Oúnjẹ ojú ọ̀nà ni.

ỌmọṢọ̀ún_Mararaba

Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun sà. Mo ti ra ìwé ìkọ̀wé náà ní Mararaba lónìí.

Ìbéèrè kan. Ààwẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń gbà á. Ó ń tì mí lójú láti sọ ọ́, àmọ́ ọjọ́ tí mo bú ọmọ yẹn, ọjọ́ ààwẹ̀ ni.

BàbáDíákónì_Kàdúná

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, o kú àlejò. Àwa ará ilé rẹ pọ̀ níhìn-ín. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó gbé ìjọ Onítẹ̀bọmi wọ ọ̀pọ̀ ìlú ní Òkè Ọya. Wọ́n á sọ ẹrù aṣọ kalẹ̀ ní ìlú tí wọn kò gbọ́ èdè ibẹ̀, wọ́n á máa pé jọ sínú yàrá ẹnì kan láti gbàdúrà, títí ibẹ̀ yóò fi di ìjọ. Nítorí náà má rò pé ìlú àlejò kò lè tọ́ ẹ̀mí èèyàn dàgbà.

Lórí ààwẹ̀, lọ ka Aísáyà orí 58. Àwọn èèyàn yẹn ń gbààwẹ̀, wọ́n sì ń bi Ọlọ́run pé kí ló dé tí kò rí àwọn. Ó dá wọn lóhùn pé ìjà àti ààwọ̀ ni wọ́n ń gbààwẹ̀ fún, wọ́n sì ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára. Ọmọ mi, òṣìṣẹ́ ni ó dárúkọ, bí ẹni pé ọ́fíìsì rẹ ni wòlíì náà dúró sí. Ebi a máa fi ohun tó wà nínú èèyàn hàn án. Kò fi ìbínú sí inú rẹ, ó ṣí ìdérí ni.

Jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fi ara mi rí. Oṣù Kejì ọdún 2000, nígbà tí ìjà lórí ọ̀rọ̀ Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀ ní Kàdúná, wọ́n dáná sun ṣọ́ọ̀bù mi ní Tudun Wada. Alhájì tó jẹ́ onílé wa ló kó èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ sí yàrá inú lọ́hùn-ún, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni a kó lọ sí Sabon Tasha, a sì wà níbẹ̀ dòní. Láti ojú fèrèsé yàrá Alhájì yẹn ni mo ti rí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó gbé iná. Mo mọ̀ ọ́n. Ó máa ń wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ mi láàárọ̀. Mo mọ orúkọ rẹ̀.

Díákónì ni mí nígbà yẹn. Mo ń gbàdúrà nínú ìjọ, àwọn èèyàn ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti rántí ojú ọmọ yẹn, n kò lè gbé itọ́ mì. Pásítọ̀ wa ìgbà náà, tó ti sùn nínú Olúwa báyìí, sọ fún mi pé kí n máa gbàdúrà fún un, kí n dárúkọ rẹ̀. Mo bínú sí pásítọ̀ náà. Oṣù mélòó kan kọjá kí n tó gbìyànjú rẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo lè pè, mo dìde. Ọjọ́ kejì bẹ́ẹ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó lè fi "Olúwa, ràn án lọ́wọ́" kún un, ẹnu ni mo sì fi sọ ọ́. Mo ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní ọdún méjì. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí èmi fúnra mi ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún un níṣẹ́, kó fún un níyàwó rere, omi sì ń bọ́ lójú mi.

N kò rí i mọ́ títí di òní. Wọn kò san owó ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n bí o bá bi mí pé ìgbà wo ni mo dàgbà jù nínú ìgbàgbọ́, ìgbà yẹn ni màá sọ, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí láti di díákónì.

Ìmọ̀ràn mi fún ọ kò gùn. Lọ bẹ ọmọ yẹn. Ojú àwọn tí o ti bú u ni kí o ti bẹ̀ ẹ́. Kó o tó lọ, dá orúkọ rẹ̀ pè nínú àdúrà.

Kọ́pàBwari

Bàbá, mo ka ti yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣeun gan-an ni, sà. Kí Olúwa máa bá yín gbé.

Nọ́ọ̀sì_Gwagwalada

Àbúrò mi, mo ka ohun tí o kọ, mo sì ṣírò wákàtí tí ò ń sùn. Bí o bá wọlé ní aago mẹ́sàn-án, tí o jẹun, tí o wẹ̀, tí o sì jí ní aago mẹ́rin, oorun rẹ kò tó. Fi àìsùn ọjọ́ Ẹtì kún un. Mò ń rí ẹ̀yin èèyàn rere tí ẹ ń wá sí wọ́ọ̀dù wa pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ sì ń sọ pé ọ̀tá ni.

Ẹ lọ wo Èlíjà nínú Àwọn Ọba Kìíní orí 19. Ó sá dé inú aginjù, ó ní kí Ọlọ́run kúkú pa òun. Áńgẹ́lì tí Ọlọ́run rán sí i kò wàásù fún un. Àkàrà gbígbóná àti omi ló gbé fún un. Èlíjà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì náà tún padà wá jí i pé kó jẹun sí i, torí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Lẹ́yìn oúnjẹ àti oorun ni ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yẹn tó wá dé. Sùn, àbúrò mi. Kì í ṣe gbogbo ìbínú ni ẹ̀ṣẹ̀ nìkan fà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èébú tí o bú ọmọ náà, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Àkànní_Gwarinpa

Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, n kò gbà tán. Gbogbo yín ń sọ pé kó dín in kù, kó sùn, kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ta ló dàgbà nípa sísùn? Ẹ wo Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Awakọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ni, ẹnu iṣẹ́ yẹn ni ìpè ti bá a ní ọdún 1928. Ààwẹ̀ àti àdúrà ló fi ara rẹ̀ fún. Nígbà tí ó fi di 1930, gbogbo ayé ń wọ́ lọ sí Òkè-Oòyè ní Iléṣà. Bí ó bá jẹ́ pé ó lọ sùn ni, ṣé à bá rí ìsọjí yẹn? Àdúrà ni agbára. Kí arákùnrin yìí fi kún un ni.

ÌyáÌbejì_Kubwa

Àkànní ọmọ mi, o jàre níbì kan. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ wa ṣe àwáwí láti má gbàdúrà. Ilé mi, láago márùn-ún ìdájí, a ti wà lórí eékún.

Ṣùgbọ́n wo nǹkan kan. Babalọlá fi iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ kó tó fi gbogbo ọjọ́ rẹ̀ fún àdúrà. Arákùnrin tiwa gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la, ó sì ní ọmọ kan lábẹ́ rẹ̀ tó ń wò ó. Tún ka Lúùkù 6. Jésù fi gbogbo òru gbàdúrà lórí òkè. Kí ló ṣe nígbà tí ilẹ̀ mọ́? Ó yan àwọn méjìlá, ó sì bá wọn gbé. Wọ́n rí i nígbà tó rẹ̀ ẹ́, wọ́n rí i nígbà tí ebi ń pa á. Àwa tiwa, a máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, a ó wọ mọ́tò, kò ní sí ẹni tó mọ̀ bí a ṣe ń bá ìyàwó wa sọ̀rọ̀.

Ó rán mi létí. ỌmọṢọ̀ún, ta ló lè bá ọ wí? Mi ò wí ẹni tó ń pè ọ́ ní "ẹni ẹ̀mí" o. Wá ẹnì kan, ọkùnrin bíi tìẹ tó ti ṣáájú rẹ, kí ẹ jọ máa jókòó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó lè bi ọ́ pé, "Ta lo bú lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹni yẹn ṣọ̀wọ́n ní Àbújá, torí gbogbo wa la ń múra dáadáa lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n wá a.

Àkànní_Gwarinpa

Mo gbọ́, mà. Ibi "ta lo bú" yẹn bá èmi náà wí.

Kọ́pàBwari

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, bí mo tilẹ̀ kéré láàrin yín. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi ń gbàdúrà láti kékeré, mo sì mọ̀ ọ́n gbà. Mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn olórí máa ń lò. Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ ìsìnlú mi, tí mo wà ní yàrá èmi nìkan, ìyá mi kú ní Ìkirè. Gẹ̀ẹ́sì kò jáde. Yorùbá ló jáde, Yorùbá ilé, láìtò ó. Láti ọjọ́ náà ni mo ti rí i pé mo lè fi Gẹ̀ẹ́sì fara pamọ́ fún Ọlọ́run. Ní Gẹ̀ẹ́sì mo lè ní kó mú mi lọ sí ipele tó ga. Ní Yorùbá, ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ara mi ni "Olúwa, mò ń jowú ọ̀rẹ́ mi yẹn." Ìgbà náà ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, èmi àti Òun.

N kò sọ pé Gẹ̀ẹ́sì kò dára. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ fi ń sunkún, ẹ fi gbàdúrà.

Télọ̀_Zuba

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ebi ẹ̀mí ń pa máa ń jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún un. Nígbà tí èmi wà nípò arákùnrin yìí, wòlíì kan sọ fún mi pé ẹ̀mí kan ló dì mí mú tí n kò fi dàgbà, kí n mú ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà wá. Mo yá owó náà. Ó ní ó ku ẹ̀mí kejì. Owó ẹ̀rọ ìránṣọ mi ló bá a lọ.

Ìṣe Àwọn Àpọ́stélì 17 ẹsẹ 11 ló là mí lójú. Àwọn ará Bèríà gbọ́ ìwàásù Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ìwé náà sì yìn wọ́n. Ẹni tó bá ń bínú nígbà tí o bá ṣí Bíbélì láti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, sá fún un.

ÌyáMẹ́ta_Lugbe

Fún àwa tí a ní ọmọ kéékèèké, ìdákẹ́rọ́rọ́ tí ẹ ń sọ yìí kò sí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi ń ṣe àdúrà ilé kí wọ́n tó lọ síléèwé: orin kan, ẹsẹ kan, ọmọ kan gbàdúrà. Lóṣù tó kọjá, èyí tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún gbàdúrà pé, "Jésù, jẹ́ kí Mọ́mì má pariwo mọ́." N kò nílò ìwàásù kankan lọ́sẹ̀ yẹn.

ỌmọṢọ̀ún_Mararaba

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Mo ṣèlérí fún ara mi pé màá padà wá jíṣẹ́.

Mo bẹ ọmọ náà. Ọjọ́ Ajé, láàrin ọ́fíìsì, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Mo dárúkọ ohun tí mo sọ sí ìyá rẹ̀, mo ní n kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Ó wolẹ̀, ó ní kò sí wàhálà sà. Kò tíì máa bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa o, n kò sì lè fipá mú un. Ẹlẹgbẹ́ mi yẹn kò sọ nǹkan kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó sún kílíṣí rẹ̀ sí mi.

Mo ti fi ipò akọ̀wé sílẹ̀, mo sì ti kúrò nínú ẹgbẹ́ aládùúrà. Inú olórí ẹgbẹ́ kò dùn. Akọrin nìkan ló kù. Àìsùn, mo ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóṣù báyìí, mo sì ń sùn ní aago mẹ́wàá. Bàbá kan nínú ìjọ wa, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, gbà kí n máa wá sílé òun ní Karu ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ìbéèrè yẹn gan-an ló máa ń kọ́kọ́ bi mí.

Máàkù: ó yẹ kí n ti kọjá ìdajì, ṣùgbọ́n mo há sí orí keje. Ibẹ̀ ni Jésù ti sọ pé ohun tó ń jáde láti inú èèyàn ló ń sọ ọ́ di aláìmọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń padà síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ mo pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, n kò ka nǹkan kan, mo sì tún bẹ̀rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, awakọ̀ kan gé mi lójú ní oríta AYA, mo ti la ẹnu, mo ti sọ ọ̀rọ̀ kìíní. Èkejì ni n kò sọ. Mo bẹ Ọlọ́run fún ti àkọ́kọ́ yẹn láti ibẹ̀ títí dé Area 1.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, bí mo bá parí Máàkù, èwo ló kàn?

ÌyáÌbejì_Kubwa

Ìwé Jákọ́bù, ọmọ mi. Orí márùn-ún péré ni. Bí o bá dé orí kẹta, níbi tó ti ń sọ nípa ahọ́n, má yára kúrò níbẹ̀.